Ọdún Kan Láàárín Wákàtí Kan

Jẹ́-n-rí-i ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ti dá, yóò na ọwọ́ síta lójú fèrèsé kó tó gbà. Bí mo bá ní mo ti san owó iná, yóò ní kí n mú rìsíìtì wá, yóò yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, àfi bí ẹni pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde nínú yàrá mi. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà "ìwọ" ni mo ń pè é láti kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ fajú ro sí mi nítorí ìyẹn kó máa fajú ro. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ọ́ kiri bí kò ṣe rí, inú sì ń bí mi.

Iṣẹ́ rẹ̀ gba àlàyé. Èmi gan-an tí mo jẹ́ aránṣọ, ó tó ọdún mẹ́ta kó tó yé mi. Ẹ mọ àwọn áàpù orí fóònù tó máa ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lóṣooṣù, ti orin, ti ìwé kíkà, ti eré ìdárayá. Ẹ ó fi nọ́ńbà káàdì báǹkì yín síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti ọjọ́ náà lọ wọn yóò máa yọ owó wọn fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa ń rán lọ sí ilé iṣẹ́ tó ni irú áàpù bẹ́ẹ̀. Yóò jókòó sí ọ́fíìsì wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, yóò yẹ gbogbo ọ̀nà tí owó ń gbà wò. Ṣé wọn kì í yọ owó ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó ní òun ò ṣe mọ́, ṣé wọ́n jẹ́ kó lọ lóòótọ́? Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti kú, kí ni wọ́n ń ṣe fún un? Nígbà tó bá parí, yóò kọ ìwé gígùn kan fún àwọn ọ̀gá, inú wọn yóò bàjẹ́ fún ọjọ́ méjì, wọn yóò sì tún ohun tó wọ́ ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ jókòó dúró fún odindi ọdún kó tó mọ ohun tí áàpù yóò ṣe fún ẹni tí kò sanwó fún odindi ọdún? Nítorí náà wọ́n ní ìwé orúkọ kan tí wọ́n ń pè ní ìwé ìdánwò. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni oṣù kan, wákàtí kan ni ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi á dá àwọn ènìyàn tí kò sí níbì kankan sílẹ̀, á fún wọn lórúkọ, á ní kí eléyìí máa sanwó, kí tọ̀hún jẹ gbèsè, kí káàdì ẹnìkẹta kú. Kó tó jẹun ọ̀sán tán, gbogbo wọn ti darúgbó. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi kọ orúkọ àwọn oníbàárà mi síbẹ̀, àwọn tó ní oṣù tó ń bọ̀ làwọn máa wá sanwó aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá wa. Akọ̀wé káàdì ni wọ́n ní ilé ìwòsàn ńlá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn ló ń pe orúkọ àwọn aláìsàn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí káńtà wọn, eruku ló kún un. Bàbá á dìde, wọ́n á pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó jáde lọ ra omi lẹ́nu géètì á gbọ́. Kì í sì í ṣe ariwo. Wọ́n máa ń pe orúkọ ènìyàn bí ẹni pé àwọn ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀, pé inú àwọn dùn pé ó wá. Títí di òní, mo máa ń pàdé àwọn àgbàlagbà tó máa ń sọ fún mi pé ìgbà tí Bàbá yín pe orúkọ mi ni ara mi ti balẹ̀.

Ọ̀fun wọn ni àìsàn gbà wọlé. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, pé àfi kí àwọn gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò kí ẹ̀mí lè dúró. Bàbá bi wọ́n pé ṣé gbogbo rẹ̀ ni. Dókítà ní gbogbo rẹ̀ ni. Bàbá ní ó dáa, wọ́n sì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n wá sílé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ áàpù kan tó wà fún irú wọn. Ó ti ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ní ilé iṣẹ́ tó ni ín nígbà kan rí, ó ní ọwọ́ wọn mọ́. Kí iṣẹ́ abẹ tó dé, aláìsàn á ka ẹgbẹ̀rin gbólóhùn sínú fóònù. Ilé iṣẹ́ náà á kó ohùn yẹn pamọ́, kọ̀ǹpútà wọn á kọ́ bó ṣe ń lọ sókè àti bó ṣe ń rọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohunkóhun tí ẹni náà bá tẹ̀ sójú fóònù, ohùn ara rẹ̀ ni fóònù á fi sọ ọ́. Owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi káàdì báǹkì tirẹ̀ sí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá fi ka ẹgbẹ̀rin gbólóhùn yẹn. Àwọn gbólóhùn náà kò lórí, wọn kò nídìí. "Ológbò náà ti gun orí àga." "Ta ló fi bàtà pupa sínú àpótí?" Bàbá á dáwọ́ dúró, wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Bàtà ta ni?" A máa rẹ́rìn-ín, a máa tún un kà. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ọ̀fun ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń kà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi èyí tó kù sílẹ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú fóònù ni, "Ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ yìí ń ro mí." Nọ́ọ̀sì tó dáhùn ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Nígbà tó gbọ́ ohùn yẹn látinú fóònù, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún dáadáa, kó tó rántí yọ abẹ́rẹ́. Fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, báyìí ni a ṣe ń gbé. Bàbá ń tẹ̀, fóònù ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ní rántí pé fóònù ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nínú pálọ̀, Bàbá wà lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń dá mi lẹ́jọ́ lórí aṣọ ìyàwó tí mò ń rán. Wọ́n ti sọ fún mi pé apá kan gùn ju èkejì lọ. Mo ní kò gùn. Wọ́n tẹ èsì wọn, wọ́n tẹ bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀, fóònù kò sọ nǹkan kan. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n. Wọ́n wá dìde, wọ́n gbé e wá fún mi pé kí n wò ó. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni pé ohùn yìí kò sí mọ́. Aago méjì àbọ̀ kù díẹ̀ ni.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo pa fóònù, mo tan án padà, mo ń sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni fóònù tèmi dún.

"Bàbá ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ.

"Wọ́n wà níbí. Wọ́n ń bá aṣọ mi jà."

"Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

"Fóònù wọn ni kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ohùn ò sí."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kó mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Má sọ nǹkan kan fún wọn," ló wí. "Mo ń bọ̀."

Nígbà tó dé, kò wọlé sí pálọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé sí ilé ìdáná, ó jókòó lórí àpótí, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láìgbójú sókè.

Ilé iṣẹ́ áàpù yẹn gan-an ni wọ́n tún rán an lọ lọ́sẹ̀ náà. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé bàbá òun ń lò ó, ọ̀gá ní kò burú, kó ṣáà má fọwọ́ kan orúkọ bàbá rẹ̀. Òfin wọn ni. Ó ti dá ènìyàn mẹ́jọ sílẹ̀ nínú ìwé ìdánwò. Ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe aláìláàánú: ẹni tí kò bá sanwó, wọ́n á jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ fún ọdún kan, wọ́n á máa kìlọ̀ fún ẹni tó ń sanwó fún un lóṣooṣù, lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n tó máa pa ohùn rẹ̀ rẹ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rí ni ìkìlọ̀ yẹn, bó ṣe rí lójú oníbàárà gidi. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò ní ohùn kankan, nítorí náà áàpù kò rí ohun tó máa kìlọ̀ lé lórí. Kó tó lè fún ọ̀kan nínú wọn ní ohùn, àfi kó jókòó ka ẹgbẹ̀rin gbólóhùn. Ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n fẹ́ kó kọ ìwé rẹ̀ tán.

"Bàbá ní ohùn, fóònù mi sì ni ìkìlọ̀ wọn máa dé sí," ó ní. "Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Kí n rí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, kí n yọ wọ́n kúrò."

Ó kọ orúkọ Bàbá sínú ìwé ìdánwò ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ní kí owó wọn má wọlé. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ dé, ó ya àwòrán rẹ̀. Ó ti fẹ́ yọ orúkọ wọn nígbà tí máníjà ilé iṣẹ́ náà yọjú lẹ́nu ọ̀nà pé kó jọ̀ọ́ kó wá fún ìṣẹ́jú méjì. Ó dìde, ó fi fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Ní yàrá ìpàdé, wọ́n ń ja iyàn lórí owó àwọn tó sanwó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá kí wọ́n kà á sí èrè oṣù yìí ni tàbí kí wọ́n pín in sí oṣù méjìlá. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn irú iyàn bẹ́ẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó ní kí wọ́n pín in. Wọ́n ní àwọn ò ní pín in. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lò níbẹ̀, ó sì borí wọn.

Nígbà tó padà sórí àga rẹ̀, ìkìlọ̀ mọ́kànlá mìíràn ló wà lójú fóònù rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́. Ọdún Bàbá ti pé.

Mo bi í pé ṣebí ìdánwò ni, ṣebí eré ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ó ní owó inú ìwé ìdánwò kì í ṣe owó gidi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń pa ohùn rẹ́ kò mọ ìyàtọ̀, orúkọ ló ń wò, kò bìkítà inú ìwé wo ni orúkọ wà. Irú àṣìṣe tí wọ́n rán an wá wá gan-an nìyẹn. Ó rí i lóòótọ́, ara Bàbá wa ló ti rí i.

Mi ò ní purọ́, mi ò ṣàánú rẹ̀ nígbà yẹn. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo ní ìwọ tí o ò jẹ́ kí n gbádùn lórí rìsíìtì owó iná, ìwọ tí o máa ń ka owó ṣẹ́ńjì lójú ọlọ́jà títí á fi bínú, ohùn Bàbá lo wá fi ń ṣeré. Mo ní kí ló dé tí o ò fi ti ara rẹ sí i. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Ìgbà tí mo rí i pé kò tíì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ ni mo tó dákẹ́.

"Wọ́n ní ẹ̀dà," ó ní. "Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tọ́jú ẹ̀dà. Ọkùnrin tó ń bojú tó o rìnrìn àjò, Ọjọ́bọ̀ ló máa dé. Bá mi tọ́jú Bàbá di Ọjọ́bọ̀."

A wá bẹ̀rẹ̀ irọ́. A sọ fún Bàbá pé ilé iṣẹ́ ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Wọ́n gbà á gbọ́, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́, ẹni tí kì í sọ ohun tí kò bá rí. Wọ́n mú ìwé kékeré kan àti bíírò, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ, ó sì hàn pé wọ́n ń fi sùúrù ṣe é. Lọ́jọ́rú, wọ́n kọ ọ́ sí mi pé, "Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe kíá. Mo fẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni Sátidé." Mo ní ó dáa, Bàbá. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ọjọ́rú yẹn náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tú gbogbo ilé. A ń wá ohùn Bàbá níbikíbi tó bá lè wà. Fóònù tí wọ́n fi ka gbólóhùn, áàpù ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ti nu fóònù mọ́ kí àyè lè wà. Bàbá kì í fi ohùn ránṣẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, wọ́n á pè é. Ìwọ̀nba èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pa á rẹ́ tipẹ́, kì í fẹ́ kí ohun tí kò wúlò kún fóònù òun. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn páálí, ó ń wo fóònù tó mọ́ tónítóní yẹn, mo sì rí i pé ó kórìíra ara rẹ̀. Nínú fóònù tèmi, mo rí fídíò kan tí mo ya nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Èmi ni mo ń pariwo nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tó ti fẹ́ parí, Bàbá sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn." Ó tán. A gbọ́ ọ ní ìgbà tí mi ò lè kà.

Ọjọ́bọ̀, mo ní mò ń bá a lọ. Kò bá mi jiyàn, ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ọ́fíìsì wọn wà ní òkè kejì ilé kan tó kún fún gíláàsì. Àga tí wọ́n ní kí n jókòó sí, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́, wọ́n fi téèpù dì í. Kí èèyàn máa gbowó lóṣooṣù, kó má lè ra àga, ohun tí mò ń rò lọ́kàn mi nìyẹn, nítorí mi ò fẹ́ ro ohun tó gbé wa wá. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀dà ni wọ́n ń pè ní Bàbá Àká, nítorí pé òun ló ń kó ohun gbogbo pamọ́. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, báàgì ìrìn àjò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ jókòó, mà. Wọ́n ní ẹ ti ń béèrè mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó. "Mo kọ orúkọ bàbá mi sínú ìwé ìdánwò," ó ní. "Wọ́n ní kí n má ṣe é, mo ṣe é. Ẹ̀rọ yín ti pa ohùn wọn rẹ́. Ẹ bá mi mú un jáde nínú ẹ̀dà. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kọ nípa mi, ẹ kọ ọ́, màá fọwọ́ sí i."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Kò bá a wí. Ó yí àga rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ó béèrè nọ́ńbà Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó tẹ̀, ó dúró, ó tún tẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni èsì máa gbà jáde.

"Kò sí níbí, mà."

"Ẹ wo ẹ̀dà ti ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ṣáájú ọjọ́ tí mo ṣe é."

"Òun ni mò ń wò. Ohùn tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ó máa ń kúrò nínú gbogbo ẹ̀dà láàárín wákàtí kan. Ti ọjọ́ Ajé, ti oṣù tó kọjá, gbogbo rẹ̀."

"Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Kí ni ẹ̀dà wá wúlò fún? Ta ló ní kí ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Ọkùnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ń wò mí, kò wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá ṣí ìwé kan lójú kọ̀ǹpútà, ó yí i sí wa.

"Ìwé tí ẹ kọ fún wa nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wá nìyí, mà. Nọ́ńbà kẹrin."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹríba sún mọ́ ọn, ó kà á. Èmi náà kà á lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí fún àwọn oníbàárà pé àwọn yóò pa ohùn wọn rẹ́ bí wọ́n bá lọ, ṣùgbọ́n ohùn àwọn tó ti lọ ṣì wà nínú ẹ̀dà, títí kan ohùn àwọn òkú tí ẹbí wọn ti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ó ní kí wọ́n máa pa ohùn náà rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí wọ́n má sì fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà mú un padà. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ó tọ́," ó ní. "Ohun tí mo kọ yìí tọ́."

"Ó tọ́, mà," ni ọkùnrin náà wí. "A sì ṣe é."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi di etí tábìlì mú. Ó ń bẹ ọkùnrin náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wò ó níbòmíràn, bóyá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà, bóyá ẹnì kan gbàgbé nǹkan síbì kan, ṣebí kò sí ilé iṣẹ́ tí wọn kì í gbàgbé nǹkan. Obìnrin yìí kan náà ni mo ti rí tó ń bá àwọn ọ̀gá wí lórí pé wọ́n gbàgbé nǹkan. Mo fọwọ́ mú un lẹ́yìn, ìbínú ti tán nínú mi, àánú rẹ̀ nìkan ló kù. Bàbá Àká wá a, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ó pe àwọn méjì mìíràn, wọ́n jókòó tì í títí di aago mẹ́rin, wọn ò jẹun. Mo fi fídíò mi hàn wọ́n. Wọ́n gbọ́ "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn," wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní ó kéré tán, áàpù gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wákàtí kan kó tó lè kọ́ ohùn ènìyàn.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí àga tó ṣẹ́ lápá yẹn, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan, ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ aago tó ṣe é, ó kọ àṣìṣe tí ẹ̀rọ wọn ní, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí bàbá ẹlòmíràn. Ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Kó tó di pé a délé, ọ̀gá ti pè é pé kó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní ó dáa, ó sì fi fóònù sínú báàgì bí ẹni pé wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni. Èmi ni mo ń bínú sí ọ̀gá yẹn. Òun ò ráyè.

Ọ̀nà jìn lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́nu géètì, mo ní, "Jẹ́ kí èmi sọ fún wọn." Ó mi orí.

Bàbá wà lórí àga wọn. Nígbà tí wọ́n rí wa, wọ́n mú fóònù wọn láti orí tábìlì, wọ́n gbé e sókè, wọ́n wo ojú wa bí ẹni tó ń béèrè pé ṣé ó ti ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ síwájú wọn. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ìwé rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìpàdé, ìkìlọ̀ méjìlá, nọ́ńbà kẹrin. Ó ní, "Kò sí níbì kankan mọ́, Bàbá. Mo ti wò ó. Èmi ni mo ṣe é."

Bàbá gbé fóònù padà sórí tábìlì. Wọ́n la ẹnu. Mo mọ̀ pé wọ́n gbàgbé ni, ó tó ọdún kan tí mo ti rí i kẹ́yìn kí wọ́n la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Èémí lásán ló gba ọrùn wọn jáde. Wọ́n pa á dé, ojú wọn kún fún omi, wọ́n yíjú sí fèrèsé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì méjì lọ́wọ́, mi ò mọ ẹni tó yẹ kí n lọ bá nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé fóònù náà. Wọ́n wọ ibì kan nínú áàpù tí wọn ò dé rí, ibi tí wọ́n kó ohùn àwọn àjèjì sí fún ẹni tí kò bá ní tirẹ̀. Wọn ò gbọ́ ọ̀kankan wò. Wọ́n mú èyí tó wà lókè, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì tẹ bọ́tìnì.

Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan ló jáde, ó mọ́ gaara, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó ní, "O ò tíì jẹun láti àárọ̀. Dìde, kí o lọ jẹun."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó nu ojú rẹ̀, ó tẹ orí ba díẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní.

A kì í pe Bàbá ní sà nínú ilé wa, a ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Àlejò là ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́, ó ti ń lọ sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n sì rọra yí fóònù náà dojú bolẹ̀ lórí itan wọn.